Ta Ni Yóò San Owó Àwòrán Náà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, ọ̀rọ̀ adágún omi ni, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà sì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí a bá ya àwòrán ẹ̀dá kan tí kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀, ta ni ó ń san owó àwòrán náà?

Owó tí a ń sọ yìí kì í ṣe owó tí a fi ra kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó epo mọ́tò tí ó gbé wa dé etí omi. Ohun tí a ń sọ ni ohun tí àwòrán náà gbà lọ́wọ́ ẹnìkan kí ó tó di àwòrán. Ó lè jẹ́ àkókò, ó lè jẹ́ oorun, ó lè jẹ́ oúnjẹ, ìbẹ̀rù, ẹ̀mí pàápàá, tàbí òtítọ́. Èrò tiwa ni pé kò sí àwòrán ẹranko igbó tàbí ẹyẹ omi kan tí a rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnìkan ni yóò san owó rẹ̀. Bí ayàwòrán kò bá san án, ẹranko ni yóò san án. Bí ẹranko kò bá sì san án, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹni tí yóò wo àwòrán náà ni a ti rẹ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ẸYẸ TÍ Ó Ń RÉ ÒKUN KỌJÁ

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa rìn lófuurufú, ẹ jẹ́ kí a gbé e ka ibì kan. Ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adágún ńlá kan wà tí a ń pè ní Rutland Water. Ọlọ́run kọ́ ni ó dá a síbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ènìyàn ni ó sé odò kékeré kan tí ń jẹ́ Gwash ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, kí ilé àti ilé-iṣẹ́ lè rí omi lò. Omi bo oko, ó bo ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi ti dúró, àwọn ẹyẹ mọ̀. Nígbà òtútù, pẹ́pẹ́yẹ igbó àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn tí ń wọ́ jọ síbẹ̀ lè ju 20,000 lọ.

Ẹyẹ tí ó mú kí orúkọ adágún náà tàn káàkiri jùlọ ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní osprey. Àwa yóò máa pè é ní àṣá apẹja, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ẹja nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ. Ẹyẹ yìí ti pòórá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19. Àwọn ènìyàn ń yìnbọn pa á, wọ́n sì ń kó ẹyin rẹ̀ lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú àpótí. Ní 1954 ó tún padà wá pamọ ní Scotland. Láàárín 1996 sí 2001, àwọn olùtọ́jú ẹyẹ kó ọmọ rẹ̀ 64 láti Scotland wá sí Rutland Water, wọ́n bọ́ wọn títí wọ́n fi lè fò. Ní 2001, èyí tí ó dàgbà nínú wọn pamọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹyẹ yìí kì í dúró jìyà òtútù níhìn-ín. Bí oṣù August bá ti ń parí lọ sí September, á gbéra, á ré òkun kọjá, á la aṣálẹ̀ Sàhárà já, á sì sọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Senegal, ní Gambia àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wọn ká. Ìrìnàjò náà tó 3,000 máìlì. Ọmọ rẹ̀ tí a pa níhìn-ín a máa lo nǹkan bí ọdún méjì lọ́hùn-ún kí ó tó kọ́kọ́ padà wá wo ibi tí a gbé bí i. Kò sí ẹni tí ń bi í léèrè físà. Àwa tí a gba ojú òfuurufú kan náà wá síhìn-ín, tí a mọ bí ó ti rí kí ènìyàn ní ilé méjì, kò yẹ kí ẹyẹ yìí jẹ́ àjèjì sí wa.

Ìdí tí àwọn ayàwòrán fi ń du ibẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Àṣá apẹja a máa rà bàbà lókè omi, nígbà mìíràn ní gíga tí ó tó 30 mítà. Bí ó bá ti rí ẹja, á ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra, á já wálẹ̀ bí òkò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kan omi. Omi á fọ́n ká. Á jà, á gbọn ara rẹ̀, á sì tún gbéra pẹ̀lú ẹja ní èékánná. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú un sínú àwòrán tí kò fọ́jú, ìsẹ́jú ojú kámẹ́rà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 2,000, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni yóò fi ṣí tí yóò sì pa dé.

Ní 1882, ará Faransé kan, Étienne-Jules Marey, ṣe kámẹ́rà kan tí ó dà bí ìbọn. Ẹyẹ tí ń fò ni ó ń nà án sí, ó sì lè ya àwòrán 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìbọn tí kì í pa ẹyẹ ni. Lónìí, kámẹ́rà wà tí ń ya 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, òmíràn tilẹ̀ wà tí ó ti ń gba àwòrán sínú kí ìka ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ti bá wa gba wàhálà ìyára ọwọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè bá wa ṣe: kò lè sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí a dúró sí, àti ìgbà tí ó yẹ kí a padà sẹ́yìn.

NÍGBÀ TÍ AYÀWÒRÁN BÁ SAN ÁN

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé kí ẹni tí ó fẹ́ àwòrán náà san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ọ̀nà yìí ni sùúrù. Á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ inú ahéré onípákó kékeré tí a fi ń lúgọ kí ẹyẹ tó jí. Á mọ ibi tí oòrùn yóò ti yọ, á mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí pé ẹyẹ ńlá fẹ́ràn láti kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra tàbí nígbà tí ó bá fẹ́ bà. Á kọ́ ìṣe ẹyẹ náà títí yóò fi lè mọ ohun tí ẹyẹ fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe kí ó padà sílé pẹ̀lú òtútù lára àti àwòrán omi lásán.

Àwọn baba wa mọ irú èyí dáadáa. Wọ́n ní onísùúrù ni ó ń fún wàrà kìnnìún mu. Wọ́n tún ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí tọ́ sí ayàwòrán pẹ̀lú. Ẹni tí ó jókòó wákàtí mẹ́fà tí ó sì rí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gbà, tí ó wá mú un wá fi han gbogbo wa, ó fún wa ní ẹran tí ìyà rẹ̀ pọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní iyì. Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a rí òun. Ó gbé ẹja rẹ̀ lọ fún ọmọ rẹ̀, bí ìgbà tí a kò sí níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, owó tí ayàwòrán ń san a máa wúwo ju sùúrù lọ. Ní 1937, Eric Hosking, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ẹyẹ tí ó lókìkí jùlọ ní ilẹ̀ yìí, wà ní Wales níbi ìtẹ́ òwìwí. Lóru, òwìwí náà já lù ú lójú, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1970, ó fi àkọlé ìwé náà, An Eye for a Bird, ṣe àwàdà ojú tí ó fi sílẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ fọ́ ojú nítorí fótò. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé òwìwí náà kò ṣe ìkà. Òbí tí ó rí àlejò òru lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

NÍGBÀ TÍ ẸRANKO BÁ SAN ÁN

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó bani nínú jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní sùúrù, iṣẹ́ sì ń dúró de ọ̀pọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ìdánwò á wá: bí mo bá tún sún mọ́ ọn díẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá pàtẹ́wọ́ kí gbogbo ọ̀wọ́ ẹyẹ náà lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ó wà lójú omi nínú oṣù January, oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń rí, ọjọ́ kúrú, òru gùn, òtútù sì mú. Ìgbàkígbà tí ó bá fò nítorí ìpayà, ó ti ná nínú agbára tí ó fẹ́ fi rí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ á ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣe ẹ̀ẹ̀kan tirẹ̀ láàárọ̀, òmíràn yóò sì ṣe tirẹ̀ lálẹ́. Ẹyẹ kan náà ni ó ń san án fún gbogbo wọn.

Ti ìtẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣá apẹja a máa sàba lé ẹyin rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti díẹ̀. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ìtẹ́ tí ìyá fi fò dìde, ẹyin á tutù, tàbí kí ẹyẹ mìíràn wá jí i gbé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin fi wọ̀ ọ́. Òfin ilẹ̀ yìí ti 1981 lórí ẹranko igbó àti ìgbèríko ní àkójọ orúkọ àwọn ẹyẹ tí a fún ní ààbò pàtàkì. Àṣá apẹja wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ aró tí ń bẹ́ sínú omi mú ẹja, tí wọ́n ń pè ní kingfisher, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dà wọ́n láàmú nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìtẹ́, tàbí nítòsí ìtẹ́ tí ẹyin tàbí ọmọ wà nínú rẹ̀, ó ti rú òfin, ìbáà ṣe kámẹ́rà ni ó mú lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní ìdí rere láti ya àwòrán níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Kì í ṣe òfin òyìnbó nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń ka Bíbélì mọ̀ pé nínú ìwé Deutarónómì, orí 22, a ti fi ààlà sí ohun tí ènìyàn lè ṣe bí ó bá ṣe alábàápàdé ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà: kò gbọdọ̀ kó ìyá mọ́ ọmọ. Àwọn baba wa sì ti pa á lówe pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó.

Ọgbọ́n àrékérekè mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Àwọn kan a máa ri àpótí gíláàsì tí ẹja wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ sínú omi, ní iwájú kámẹ́rà wọn gan-an, kí ẹyẹ aláwọ̀ aró náà lè máa bẹ́ sí ojú kan náà nígbà gbogbo. Ẹyẹ náà kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ omi náà kò jìn bí ó ti rò. Eré tí ó ń bá wálẹ̀ kò kéré, ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣíwájú. Ayàwòrán ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ewu kalẹ̀ fún un, ó wá jókòó tì í.

Ìtàn kan wà tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti dá lẹ́jọ́. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, adágún kan wà tí ń jẹ́ Whitefish Lake. Níbẹ̀ ni George Shiras, ọdẹ àti agbẹjọ́rò, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà rọ́pò ìbọn ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ọgbọ́n tí ó lò, ọgbọ́n ọdẹ àwọn Ojibwe ni, àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀dálẹ̀: wọ́n a máa tan iná sí iwájú ọkọ̀ kékeré lóru, wọ́n á máa tu ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ ní etí omi títí ojú ẹran yóò fi tàn yanran nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ti rí ọdẹ tiwa tí ó de àtùpà mọ́rí wọ igbó lóru mọ ohun tí a ń sọ. Dípò kí Shiras yìnbọn, ẹ̀tù tí ń tàn bí mọ̀nàmọ́ná ni ó ń tan láti fi ya àwòrán. Ẹ̀tù náà a máa bú gbàmù. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ ni ti àgbọ̀nrín mẹ́ta tí ń fò sókè nínú òkùnkùn. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú wọn fò? Ìpayà ni. Ẹwà tí a ń wò nínú àwòrán náà, ìbẹ̀rù àwọn àgbọ̀nrín náà ni.

Ṣé kí a wá dá Shiras lẹ́bi? Ẹ dúró ná. Nígbà tí ó ń lo ìbọn, ẹ̀mí ni àgbọ̀nrín ń san. Nígbà tí ó gbé kámẹ́rà, ìpayà òru kan ni wọ́n san, wọ́n sì yè. Ní 1904, nígbà tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ó gbé àbá òfin kan kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ tí ń ṣí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Àbá náà kò kẹ́sẹ járí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1913 irú òfin bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní July 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn àwòrán rẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí ẹranko igbó ní òru fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé gbèsè wà tí a jẹ tí a sì san padà, gbèsè sì wà tí a jẹ tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé a jẹ. Èyí èkejì ni ó burú jùlọ.

ÀTAKÒ TÍ Ó YẸ KÍ A DÁHÙN

Ẹnìkan nínú wa lè sọ pé, “Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá jù? A ń jẹ adìyẹ lọ́jọ́ Àìkú. A ń ra ẹja lọ́jà. Ọdẹ ilé wa ń pa ẹran. Kí wá ni ìpayà ẹyẹ kan?” Ìbéèrè náà dára, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ìdáhùn tiwa nìyí. Ẹni tí ó pa ẹran láti jẹ ní ohun tí ó nílò lọ́wọ́ ẹran náà, ó sì mọ̀ pé òun gba nǹkan. Ẹran tí ó kú kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ayàwòrán lè gba nǹkan púpọ̀ kí ó sì lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tí ó rò pé òun kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí a bá sì bi í pé kí ni ó fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn òtítọ́ ni pé ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn yìn ín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a yin ènìyàn fún iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà nítorí ebi àti ohun tí a gbà nítorí ìyìn kò lè ní ìwọ̀n kan náà. Bí ìdí wa bá ṣe kéré tó ni owó tí ẹlòmíràn yóò bá wa san gbọ́dọ̀ ṣe kéré tó.

Àtakò kejì ni pé bí a bá le jù, àwọn ènìyàn kò ní lọ sí etí omi mọ́, ẹni tí kò bá sì rí ẹyẹ kò ní bìkítà bí ó bá parun. Òótọ́ wà nínú èyí. Ní Loch Garten ní Scotland, wọ́n jí ẹyin àṣá apẹja ní 1958. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ RSPB tí ń dáàbò bo ẹyẹ kò sé ọ̀nà mọ́ aráàlú. Wọ́n ṣe ibi ìwòran tí ó jìnnà sí ìtẹ́, wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn síbẹ̀, wọ́n sì sọ pé kí gbogbo ènìyàn wá wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá. Ojú tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ ẹyẹ náà. Nítorí náà, a kò sọ pé kí a má wo. Ohun tí a sọ ni pé kí a wo láti ibi tí ẹni tí a ń wò kò ti ní jìyà rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ÒǸWÒRAN BÁ SAN ÁN

Ọ̀nà kẹta ni kí ayàwòrán má jìyà, kí ẹranko má jìyà, ṣùgbọ́n kí a pa irọ́ fún ẹni tí yóò wo àwòrán náà. Ní 2009, àwòrán ìkookò kan tí ó ń fo géètì oko lóru gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ní London. Ọmọ Spain kan, José Luis Rodríguez, ni ó yà á. Ní January 2010, àwọn adájọ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe púpọ̀ pé ìkookò tí a ti kọ́ tí a sì háyà ni. Ayàwòrán náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A kò jókòó láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú. Àwòrán náà kò yí padà. Ó rẹwà lẹ́yìn ìdájọ́ náà bí ó ti rẹwà tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn òǹwòran ni ó ti lọ. Wọ́n rò pé àwọn rí ẹran ìgbẹ́ tí ó ń ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ pé ó lè jẹ́ ẹran tí ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn àṣá apẹja wa pẹ̀lú. Nítòsí Rutland Water, àti ní Rothiemurchus ní Scotland, àwọn oko ẹja kan ti ṣe ahéré ìlúgọ sí etí adágún tí wọ́n ń sin ẹja sí, ayàwòrán á san owó, á sì jókòó síbẹ̀ ní ìdájí. Ẹyẹ á wá nítorí pé ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ṣé èyí burú? Lójú tiwa, kò burú. Ẹyẹ náà wá fúnra rẹ̀, ó rí ẹja rẹ̀ gbé lọ, kò rí ẹnikẹ́ni tí ó dẹ́rù bà á, olóko sì rí owó ẹja tí ó pàdánù. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kí ẹni tí ó ya àwòrán náà sọ ibi tí ó ti yà á. Bí ó bá ní òun rìn nínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí òun tó bá ẹyẹ náà pàdé ní odò àdádó, ó ti sọ àwòrán òtítọ́ di irọ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan.

ÀWỌN TÍ A KÒ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WỌN

Bí a bá ti gba ọ̀rọ̀ yìí nípa ẹyẹ, a kò lè sá fún un nípa ènìyàn. Gbogbo wa ni ó ní kámẹ́rà nínú àpò báyìí. A ń mú un lọ sílé nígbà ọdún Kérésìmesì. A ń gbé e sókè níbi ìsìnkú, sí ojú opó tí ń sunkún. A ń ya ìyá àgbà tí ara rẹ̀ kò yá lórí ibùsùn, a sì ń fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kékeré tí ó ń sunkún tí gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ nínú fídíò, kò tíì tó ẹni tí ń sọ pé òun kọ̀. Ìbéèrè kan náà ni: ta ni ó ń san án? Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú ẹni tí a yà ni owó àwòrán náà, kò sí bí ó ti lè rẹwà tó, ọ̀wọ́n gógó ni a rà á.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti dúró jẹ́jẹ́ lẹ́bàá omi nítorí ẹyẹ kan, tí ó sì lè sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bí mo bá tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, yóò fò, nítorí náà n kò ní gbé e,” onítọ̀hún ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un nínú ilé rẹ̀, ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, àti láàárín àwọn tí agbára wọn kò tó tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, a kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ. Àwọn àṣá apẹja a máa padà dé láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún nínú oṣù March, wọ́n á sì wà níhìn-ín di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ aṣọ tí ó nípọn, ẹ mú oúnjẹ dání, ẹ jókòó sí ibi tí wọ́n ní kí ẹ jókòó sí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹ̀dá yìí ì bá ṣe ohun tí ó ń ṣe yìí bí n kò bá sí níhìn-ín? Ǹjẹ́ mo lè sọ òtítọ́ nípa bí mo ṣe yà á níwájú gbogbo ìjọ? Bí mo bá sì padà lọ́wọ́ òfo lónìí, ǹjẹ́ ọkàn mi lè gbà á? Ẹni tí ó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó yà á. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ti san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè dáhùn bẹ́ẹ̀, kí ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí ó fi ojú rẹ̀ wò ó, ìyẹn náà tó.